Ohùn Ìyá Ìyàwó Jupurrurla

Ọmọ mi Jupurrurla kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà èmi ni mo máa ń bá a sọ èyí tó kù. Tí tẹlifíṣọ̀n ilé kan bá ṣókùnkùn ní ìlú wa níbí nínú aṣálẹ̀, òun ni wọ́n ń wá pè. Tí fóònù ẹnìkan bá já sínú garawa omi, òun náà ni. Yàrá onípáànù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtajà, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín kọ̀ǹpútà àtijọ́ àti wáyà tí eruku pupa ti bò. Kò sí ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní ìlú yìí, ìbáà ṣe ti bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ti orin ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn aláwọ̀ funfun máa ń wá bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á mu omi wa, wọ́n á ráhùn nípa eṣinṣin, wọ́n á lọ. Òun kò lọ síbì kankan.

Nampijinpa ni ìyàwó rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ìyá rẹ̀ ló kú. Àwa kì í dárúkọ ẹni tó kú, torí náà ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀, mi ò ní dáhùn. Nígbà tó kú, àwa obìnrin gé irun wa, a fi ewé gbá ilé rẹ̀, a fi èéfín sí gbogbo yàrá, a sì kó gbogbo àwòrán rẹ̀ kúrò lójú. Ohùn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kúrò létí títí àwọn ẹbí á fi ní ọ̀fọ̀ ti tó. Ta ló fẹ́ kí òun jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ òun, kí ohùn ìyá òun tó ti kú ṣàdédé jáde sí òun láti inú ẹ̀rọ?

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nampijinpa ní kí ọkọ òun kó gbogbo ohùn ìyá òun jọ sójú kan. Jupurrurla kó o sínú háàdì-díráìfù kan, àpótí dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, tó ṣe é tì bọ àpò ṣòkòtò. Kò tẹ́tí sí ọ̀kankan nínú wọn o, orúkọ tí wọ́n kọ sí ara fáìlì ló ń wò. Nígbà tó kó o tán, ó pa gbogbo èyí tó kù rẹ́, nínú kọ̀ǹpútà, nínú fóònù àwọn ẹbí, níbi gbogbo. Àwọn ará ibòmíràn ìbá tọ́jú ẹ̀dà kejì síbì kan. Lójú tiwa, ẹ̀dà kejì yẹn gan-an ni ewu. Wọ́n ti díráìfù náà bọ agolo ìyẹ̀fun, wọ́n gbé e sí ṣẹ́ẹ̀dì onípáànù tí ẹ̀gbọ́n Nampijinpa ní, oòrùn sì ń pa páànù náà ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀kan sí i, kí ẹ tó máa wo ọmọ mi bí òmùgọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọkùnrin kì í wojú ìyá ìyàwó rẹ̀. Kì í bá a sọ̀rọ̀, wọn kì í wọ mọ́tò kan náà, wọn kì í jókòó sábẹ́ òjìji kan náà. Wọn kò bínú síra wọn, ọ̀wọ̀ ni. Ní gbogbo ìgbà tí ìyá Nampijinpa fi wà láàyè, tó bá ti ń bọ̀ nílé wa, á ti máa pariwo mọ́ ajá láti ọ̀nà jíjìn, kí ọmọ mi lè gbọ́ kó sì yẹra. Jupurrurla á gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, á tẹrí ba, á gba ẹ̀yìn ilé lọ. Tíì rẹ̀ tó ti tutù lórí tábìlì mi kò lóǹkà.

Lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n Nampijinpa ní ọ̀fọ̀ náà ti tó. Ó ní kí a ṣí ohùn náà, pé àwọn ẹbí máa ti ìlú ńlá wá ní Sátidé, kí gbogbo wọn jókòó gbọ́ ìyá wọn. Nampijinpa gbé agolo náà dé yàrá iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́rú. Ó ti wẹ̀, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì tuntun. Èmi náà tẹ̀lé e, torí ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù wà níbẹ̀.

Jupurrurla so díráìfù náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Iná ara rẹ̀ ṣẹ́jú, ó kú, ó tún ṣẹ́jú. Kọ̀ǹpútà kọ ọ̀rọ̀ kan síwájú wa, Nampijinpa sì na ọwọ́ sí i.

"Má tẹ̀ ẹ́," ọkọ rẹ̀ ní.

"Ó bi mí ní ìbéèrè, mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ní òun ò mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀, ṣé kí òun fọ̀ ọ́ mọ́ kí òun lè lò ó. Tí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Òfìfo."

Nampijinpa fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Jupurrurla pààrọ̀ wáyà. Ó mú èyí tó kúrú jù, ó ní èyí tó gùn kì í gbé iná dé dáadáa. Ó tún un so sí ojú ihò mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde. Ó wá gbé díráìfù náà sétí.

"Kí lo ń gbọ́?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Tó bá ń dún kì-kì-kì, abẹ́rẹ́ inú ẹ̀ ti lọ nìyẹn."

"Ṣé ó ń dún kì-kì-kì?"

"Àwo inú ẹ̀ ń yí."

"Ṣé ó dáa kó máa yí?"

"Nampijinpa, jẹ́ kí n gbọ́."

Ó ń yí, ṣùgbọ́n ó ń yí bí ẹni tó ń sáré tó ń kọsẹ̀. Ọmọ mi ní ooru ti bà á jẹ́ láwọn ojú ibì kan, ìwé atọ́ka inú rẹ̀ tó máa ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà ti fàya. Ó ní òun ò ní tún nǹkan kan ṣe lórí rẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí a bá fọwọ́ kàn án, ó lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn. Ó máa kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí díráìfù tuntun, tòun ti ibi tó dáa, tòun ti ibi tó bàjẹ́. Ibi tí kò bá ṣe é kà, á fò ó, á padà sí i lẹ́yìn. Ẹ̀dà tó bá kọ ni á wá máa tún ṣe.

Bó ṣe ṣe nìyẹn, ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Ó gbé díráìfù náà síwájú ẹ̀rọ atẹ́gùn, ó jókòó tì í bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Iná ìlú lọ lójijì, gbogbo rẹ̀ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Nampijinpa kò kúrò níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu gé e.

"Ìwọ lo pa àwọn tó kù rẹ́."

"Ìwọ lo ní kí n pa wọ́n rẹ́."

"Ṣé gbogbo nǹkan tí mo bá ní kí o ṣe lo máa ń ṣe ni? Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ńkọ́? Àtìgbà wo ni mo ti ní kí o tún un ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò lè pa á mọ́ra. Àfi bí Nampijinpa ṣe bú sẹ́kún. Ó sún mọ́ apá òsì mi, torí etí ọ̀tún mi ti di pátápátá, ti òsì náà kàn ń gbọ́ ẹni tó bá dojú kọ mí ni.

"Màmá," ó ní, "mo ti gbàgbé ohùn rẹ̀. Mo ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ kí n má bàa gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, màá dìde. Ní báyìí tí mo wá ń wá a, kò sí nínú orí mi mọ́. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ìbànújẹ́ bá mi, mo sì po tíì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mi ní òun ti gbé ohun tó ṣe é gbé jáde. Nampijinpa fò sókè. Ọkọ rẹ̀ ní kó má tíì dúpẹ́. Àwọn fáìlì náà jáde láìlórúkọ, nọ́ḿbà lásán ni wọ́n ní lára, gbogbo ohun tó ti wà lórí díráìfù náà rí, kó tó kó ohùn ìyá náà sí i, ló sì dà pọ̀ mọ́ ọn, bọ́ọ̀lù, orin ṣọ́ọ̀ṣì, ìpàdé ìlú. Ìyá Nampijinpa wà láàárín wọn. Ọjọ́ kan ni òun àti àwọn ìyá àgbà tó kù jókòó kí ilé ẹ̀kọ́ gba ohùn wọn sílẹ̀, tí gbogbo wọn sọ ìtàn ibi omi kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀pọ̀ fáìlì sì ti fàya, ariwo ló pọ̀ jù nínú wọn. Àfi kí ẹnìkan tẹ́tí sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èmi ò lè gbọ́ ọ," Jupurrurla ní.

"Mo mọ̀."

"Etí Màmá sì ti lọ."

"Ẹ ṣeun o, ẹ kú àánú etí mi," mo ní.

Ó kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí á ṣe máa ṣí i, ó gbé ife tíì rẹ̀, ó jáde. Ó dúró sábẹ́ òjìji ògiri níta, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó ní tí ẹ̀rọ bá dúró, kí a kan páànù.

Nampijinpa ń ṣí wọn. Mo ń wo ojú rẹ̀, torí ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀ létí tèmi. Bọ́ọ̀lù, ó ju ọwọ́. Orin, ó ju ọwọ́. Nígbà tó dé orí àwọn ìyá àgbà, ó dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ́, ó padà, ó sì tún un gbọ́.

"Màmá, gbogbo wọn ló dà bí ìyá mi. Màmá, kò sí ọ̀kankan tó jẹ́ ìyá mi."

"Tún un gbọ́."

"Mo ti tún un gbọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́la? Ṣé kí n mú ìyá ẹlòmíràn, kí n ní tiwa nìyí?"

Ó gbé ohùn ẹ̀rọ sókè dé òpin, bóyá igbe lè jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ó ṣí òmíràn. Páànù orí wa ń gbọ̀n. Ní ìgbà náà ni mo wo ojú fèrèsé. Ife tíì ọmọ mi wà nílẹ̀, ọmọ mi kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ń lọ láàárín oòrùn, sọ́nà táńkì omi.

"Níbo ló ń lọ?" Nampijinpa bi mí.

"Bóyá ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n."

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rí bó ṣe ń rìn. Ó tẹrí ba, ó gbé ọwọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, kò yára, kò fà. Mo ti ń wo ìrìn yẹn láti ìgbà tó ti gbéyàwó. Mi ò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ti kúrò níbi tí òun dúró sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbọ́. Ta ló wá mọ ohùn yẹn tó o, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń dẹ etí sí i kó lè sá fún un?

Nampijinpa rí i pẹ̀lú. Ó di etí tábìlì mú. Ó tún fáìlì náà ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì sún orí mọ́ ẹ̀rọ. Ọmọ mi tún rìn síwájú sí i.

"Kí ló ń sọ?" mo bi í.

"Ó ní, ta ló jẹ́ kí ajá wọlé." Omijé ń bọ́ sí àgbọ̀n rẹ̀. "Ó ní kí wọ́n lé e jáde. Ó wúkọ́. Ó ní, ibi omi yẹn, ìyá mi ló fi hàn mí. Ó wá tán. Ó tán síbẹ̀, Màmá. Kò sí ìtàn náà."

Ìyẹn nìkan ló kù nínú gbogbo ohùn obìnrin náà. A wá àwọn tó kù dé òpin, ọmọ mi kò sì tún gbéra mọ́ fún ọ̀kankan nínú wọn. Nampijinpa padà sí èyí tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, Jupurrurla sì dúró sídìí táńkì, ó kẹ̀yìn sí wa, láìsí fìlà lórí.

"Pa á wàyí," mo ní. "Oòrùn ń pa ọkọ rẹ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ sí i." Kò gbójú kúrò lójú fèrèsé. "Tó bá ti dúró síbẹ̀ yẹn, ìyá mi wà nínú ilé."

Mo jókòó. Ó tún un ṣí.