Apẹ̀rẹ̀ Tí Ìyá Thongbai Daṣọ Bò

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà sì ni mo fi ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣí géètì, tí mo ń gbá àgbàlá, tí mo sì ń bá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ro oko kékeré tó wà lẹ́yìn kíláàsì wọn. Bí ata kan bá dín lórí igi, màá mọ̀. Bí ìgbín bá jẹ ewé ẹ̀fọ́, ẹnu àwọn ọmọ ni màá kọ́kọ́ wò. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí òjò bá rọ̀, Bunsong á béèrè ẹni tó rán an. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí, ẹnikẹ́ni ò sì lè torí ẹ̀ bá mi jà.

Tíṣà Pimlada, ọmọbìnrin tí wọ́n rán sí wa láti Bangkok, ló gbé kòkòrò sányán wọ kíláàsì. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún fojú ara wọn rí bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń dàgbà. Wọ́n ti gbin ẹ̀wà sínú ife, wọ́n ti hú ekòló, wọ́n ti ka ẹsẹ̀ aláǹtakùn títí ó fi sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ogójì ni àwọn kòkòrò yìí, inú páálí bàtà ni wọ́n ń gbé, ewé igi tí à ń pè ní mon ni wọ́n sì ń jẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo wọn ló ní orúkọ. Àwọn ọmọ á ní kí gbogbo wa dákẹ́, ká lè gbọ́ ìró ẹnu wọn lára ewé.

Ẹni tó ń já ewé náà wá ni Ìyá Thongbai, tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún ilé ẹ̀kọ́. Opó ni. Òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, Lamyai, tó wà ní kíláàsì Tíṣà, ni wọ́n jọ ń gbé, torí ìyá ọmọ náà wà níbi iṣẹ́ lókè òkun. Sányán ni Ìyá Thongbai ń fà kó tó di alásè, àpá omi gbígbóná ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo abúlé ló sì mọ ohun tó fẹ́ràn jù: ìdin inú ilé sányán, tó máa ń kù sínú ìkòkò lẹ́yìn tí wọ́n bá fa òwú ilé náà tán. Àwa náà ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Á wọ́n iyọ̀ sí i, á máa jù ú sẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, àwọn kòkòrò náà kọ oúnjẹ. Ara wọn pọ́n rúsúrúsú, wọ́n ń gbé orí sókè. Tíṣà ní àìsàn ni, ó ní òun á pe dókítà ẹran ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ tán, mo rí Ìyá Thongbai tó jáde nínú kíláàsì náà, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, aṣọ lórí apẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin, kí lẹ gbé?"

"Ìgbẹ́ kòkòrò. Mo fẹ́ dà á sídìí ata."

"Ìgbẹ́ lẹ daṣọ bò?"

"Bunsong, àbí o fẹ́ tọ́ ọ wò ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ọ̀nà ilé ìdáná lọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, páálí bàtà ṣófo. Igbe ta. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kla, tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, naka sí ilé ìdáná. "Ìyá Olóúnjẹ ló jẹ wọ́n! Mo rí i lánàá, ó ń jẹ ìdin níwájú ilé rẹ̀!"

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo sọ ti apẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí, mo kàn sọ ọ́ ni. Kí wọ́n tó kọ orin àsíá tán, ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn òbí, wọ́n sì ti kún iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ kó wọn?" Ọ̀gá ló bi í.

"Èmi ni."

"Wọ́n dà?"

"Ẹ dúró di ọ̀sán Ọjọ́rú."

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú?"

Ìyá Kla pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i? Ó fẹ́ ráyè wá òmíràn dípò wọn ni! Àgbàlagbà tó ń jí ẹran ọ̀sìn ọmọdé jẹ!"

Ọ̀gá ní kò burú, ṣùgbọ́n bí Ọjọ́rú bá kọjá tí kò sí kòkòrò, ẹlòmíràn ló máa se oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ yìí. Ìyá Thongbai ní òun gbọ́. Ìkòkò yẹn ló ń bọ́ òun àti Lamyai, gbogbo wa la mọ̀.

Lọ́jọ́ náà, ìdajì àwọn ọmọ ò fọwọ́ kan ìrẹsì. Lamyai gbé abọ́ tirẹ̀ kúrò nítòsí ìyá àgbà rẹ̀. "Màmá àgbà, ẹ ṣáà sọ pé ẹ ò jẹ wọ́n."

"Dúró di Ọjọ́rú, ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ọmọ náà kọ̀ kó di òun lọ́wọ́ mú. Ẹ̀gbẹ́ kejì títì ló gbà. Ìyá Thongbai na ọwọ́ náà sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó ká a kò. Èmi ń wò wọ́n láti géètì, n ò sì ní purọ́, inú mi dùn pé mo mú olè.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí à ń kó ìrẹsì àti ìgbálẹ̀ sí, ó ń bó àlùbọ́sà, ó ń lé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn, ó sì pẹ́ tó ti ń bí mi nínú. Mo rọra sún mọ́ ọn.

"Bunsong, bó o bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yìí, màá da omi ìrẹsì sí ọ lórí."

Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ń ṣọ́?

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó ṣílẹ̀kùn. Ìgbálẹ̀ tuntun tí àwọn òbí mú wá nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀ ló so rọ̀ lára àjà. Láàárín koríko wọn ni ilé sányán há sí, wọ́n pọ́n bíi pupa ẹyin. Ariwo ayọ̀ sọ. Kla ń kà wọ́n. "Méjìdínlógójì! Méjì dà?" Ìyá Thongbai nawọ́ apẹ̀rẹ̀ sí i. Méjì tó kú wà níbẹ̀.

"Wọn ò ṣàìsàn," ó sọ fún Tíṣà. "Wọ́n pọ́n ni, bí èso. Kòkòrò tó bá pọ́n ń wá ibi tó máa kọ́lé sí. Ìyá mi sì kọ́ mi pé bí wọ́n bá ń kọ́lé lọ́wọ́, a kì í sọ ibi tí wọ́n wà. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni ò ní wá yọjú? Ariwo á sì mú kí wọ́n já òwú dànù." Èmi ló ń wò. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ilẹ̀ tí màá wọ̀.

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Lamyai béèrè pé, "Màmá àgbà, ìgbà wo ni wọ́n máa jáde?"

Gbogbo àwa àgbàlagbà la mọ ìdáhùn rẹ̀. Tíṣà ń wo ilẹ̀. Mo rò pé Ìyá Thongbai á purọ́, torí irọ́ kékeré kan péré ló kù kí ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó lóṣòó. "Bí a bá dúró, wọ́n á di àfòpiná, wọ́n á dá ilé náà lu, òwú rẹ̀ ò sì ní ṣeé fà mọ́. Bí a bá fẹ́ òwú, inú omi gbígbóná ni wọ́n ń lọ kí wọ́n tó jáde. Wọ́n á kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá jẹ wọ́n."

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Kla pariwo.

Lamyai sún sẹ́yìn. "Gbogbo wọn?"

"Rárá. A máa ń dá irúgbìn sí, bí ẹ ṣe dá ẹ̀wà yín sí. Ìwọ ni kó o yàn wọ́n."

Ọmọ náà fi gbogbo ọ̀sán yan mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kejì, ìyókù wọ inú ìkòkò. Ìyá Thongbai fa òwú náà jáde, gbogbo kíláàsì sì dì í mú láti ẹnu ọ̀nà dé oko ẹ̀yìn kíláàsì. Nígbà tó tán, ó kó ìdin sórí ewé, ó wọ́n iyọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó mira.

Lamyai wá jókòó tì í. Ó mú ẹyọ kan, ó wò ó títí. "Ta lèyí?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

Ọmọ náà dijú, ó jù ú sẹ́nu, ó sì fi ọwọ́ kejì di ìyá àgbà rẹ̀ mú.

Ìyá Thongbai na ewé náà sí mi. "Bunsong, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o. Ta ló mọ ohun tí mo fi sí i."

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n ò tíì jẹ ohun tí n kò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo jẹ ẹ́ láìwò.