Omi Àgò Kejì

Oyin àti ìtọ̀ eku. Bí òórùn méjèèjì yìí bá pàdé ní imú mi lónìí, Yábàá ni ọkàn mi máa ń sáré lọ, sí yàrá méjì kan ní ẹ̀yìnkùlé tí ọ̀gá mi háyà ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Apòògùn ni ọ̀gá. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí iṣẹ́ náà fi sú u, ló bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kan pátákó kékeré mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní ilé-iṣẹ́ tí yóò máa wá oògùn fún àìsàn ọpọlọ ni òun dá sílẹ̀. Àwa tá a wà níbẹ̀ kò pọ̀: ọ̀gá, èmi, àti eku funfun méjìlá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé mẹ́wàá nígbà náà, mo sì ti gbà pé kò sóhun tí mi ò mọ̀ mọ́. Ní ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta, ìyá mi máa ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ọ̀dọ̀ dókítà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò sọ fún wọn pé ìgbẹ́ eku ni mò ń kó.

Wárápá ni ọ̀gá dojú kọ. Egbò igi kan tí àwọn àgbà abúlé wọn máa ń lò ló ń sè, tó ń sẹ́, tó ń sá títí yóò fi di ìyẹ̀fun. Oyin la fi ń pò ó nítorí pé ó korò. Kò fi ìdí tó fi yan wárápá pamọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ló ní in. Oògùn tí wọ́n ń fún un ní ọsibítù ń dá àìsàn náà dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú un sùn lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ ti gún un níka. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún wa. Àwo tirẹ̀ àti ṣíbí tirẹ̀ máa ń dá wà lọ́tọ̀ nínú àpò, nítorí àwọn èèyàn gbà pé ẹni tó bá bá oníwárápá jẹun pọ̀ yóò kó o. Kò ráhùn. Èmi ló máa ń fi ṣẹ̀sín.

"Bàbá Eku, àwọn ọmọ ẹ ti jẹun?"

"Wọ́n ti jẹun, Àǹtí. Wọ́n ní ṣé ẹran wà nínú abọ́ yín."

Iṣẹ́ mi kò le. Eku mẹ́fà wà nínú àgò kìíní, mẹ́fà nínú àgò kejì. Láràárọ̀, n óò kán oògùn sẹ́nu àwọn ti àgò kìíní, n óò kán omi lásán sẹ́nu àwọn ti kejì, n óò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀gá yóò fún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ kan tó ń mú eku gbọ̀n bí ẹni tí wárápá gbé ṣánlẹ̀. Bí àgò kìíní kò bá gbọ̀n tó àgò kejì, egbò náà ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ibi tí mo ti ṣe wàhálà ni pé ìbejì ni mí. Ní ilé wa, bí wọ́n bá ra bàtà fún ìkejì mi, wọ́n ra tèmi. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí ibà bá mú ìkejì mi, àwa méjèèjì la óò gbé hóró oògùn kíkorò náà mì, bí ara mi tilẹ̀ le bí òkúta. Ìyá mi á ní, "Ẹyẹ kì í fi apá kan fò." Nígbà tó wá di àárọ̀ ọjọ́ kẹta ní Yábàá, tí mo rí àwọn eku àgò kejì tí wọ́n na imú mọ́ wáyà, tí wọ́n ń gbọ́ òórùn oyin tí kò kàn wọ́n, ara mi kò gbà á. Láti àárọ̀ yẹn, mo ń pín oògùn náà sí méjì, mo ń fún tibí, mo ń fún tọ̀hún. Mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pé: àgò kìíní, oògùn, àgò kejì, omi. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára púpọ̀ láyé ìgbà náà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá gún wọn lábẹ́rẹ́. Gbogbo wọn ló gbọ̀n, tibí tọ̀hún, bákan náà. Ọ̀gá wo ìwé mi, ó wo àgò, ó jókòó.

"Láti ọdún kan, omi gbígbóná ni mò ń sè," ló wí. Ó ní bó bá di ọjọ́ Ajé, òun yóò lọ bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ òun àtijọ́. Ó gbé ìgò ìyẹ̀fun náà, ó ń lọ síbi gọ́tà.

Àǹtí ti ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. "Bọ̀dá mi, ẹ má dà á nù lónìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ máa lọ ná."

Ohùn yẹn ló mú mi lanu sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Àgò méjèèjì ló mu ún."

"Mu kí ni?"

"Oògùn. Mo ń pín in sí méjì."

"Ta ló ní kó o pín in?"

"Kò sẹ́ni, sà. Ìbejì ni mí."

Àǹtí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò oúnjẹ eku. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò náà padà sórí tábìlì, ó rọra ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: "Ìdajì oògùn kò tó eku kankan. Àgò kejì yẹn, ẹlẹ́rìí ni. Bí ẹlẹ́rìí bá jẹ nínú ẹran, ta ni yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa?" Ó ní kí n ya ojú ewé náà kúrò. Lẹ́yìn náà ó ní rárá, kí n má ya á, kí n kọ òtítọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí n fọwọ́ sí i.

Nígbà tá a fẹ́ jẹun, ìtìjú kò jẹ́ kí n lè wo ojú ọ̀gá, ni mo bá kọ ẹ̀yìn sí i, mo kọjú sí Àǹtí, mo fọwọ́ bu ìrẹsì nínú àwo tirẹ̀. Ó wò mí.

"Bàbá Eku, o ò bẹ̀rù?"

"Àǹtí, mo ti gbé oògùn ibà mì nítorí ibà ẹlòmíràn. Kí ló kù?"

Ó ti ẹran kan sọ́dọ̀ mi. Láti ọjọ́ yẹn, kò mú àwo ọ̀tọ̀ wá mọ́.

A ra eku mìíràn, a tún un ṣe. Àgò kejì gbọ̀n pátá. Nínú àgò kìíní, méjì péré ló gbọ̀n, àwọn yòókù ń fọ imú wọn. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́, ó tún bọ́ ọ. Àǹtí ní kí wọ́n bu tòun lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní kí á kọ́kọ́ wo àwọn eku tí yóò mu ún fún oṣù púpọ̀. A wò wọ́n: ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì kó àwọn ìwé wa, tòun ti ojú ewé ìtìjú mi, lọ fún àwọn kan ní yunifásítì. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Àǹtí padà sídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú oògùn ọsibítù rẹ̀ àti oorun rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ pé, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pé. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Apá kan gùn ju èkejì lọ díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìkejì mi pè mí lórí fóònù pé dókítà ti fún òun ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kí òun pín in fún mi gẹ́gẹ́ bí àṣà. Mo ní kó máa dá tirẹ̀ lò. Èmi yóò máa mu omi, kí ẹlẹ́rìí lè wà.