Àyà Tó Ń Sáré

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ kí mi bí mo bá ti wọ yàrá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà yẹn. Láti ara ìró ìyá ọkọ mi ló ti ń wá. Èfìrè létí ọ̀sà ni wọ́n ti ń yan ẹja tà láti ìgbà ọmọge wọn, kò sì sí ọṣẹ tó lè lé òórùn náà lọ. Mo gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo rò pé òórùn yẹn ni ọmọ mi ń tẹ̀ lé, ni mo bá rẹ ìró náà, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo wọ́n lọ́fínńdà sí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú ìró olóòórùn lọ́fínńdà náà ni ọmọ mi tún sùn sí.

Ìwọ náà bímọ, wàá mọ bó ṣe rí. Olóṣù méje ni mo bí i, iṣẹ́ abẹ sì ni wọ́n fi gbé e jáde. Ẹ̀jẹ̀ ríru wá dá mi dùbúlẹ̀, mi ò lè gbé ṣíbí, ká má tíì sọ ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní àyà èèyàn ni kí wọ́n fi mú ọmọ náà móoru, ara kan ara. Ìyá ọkọ mi bọ́ bùbá wọn, wọ́n so ọmọ mi mọ́ àyà, wọ́n sì gbé e bẹ́ẹ̀ títí ó fi sanra; láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí ara mi yá, èmi pọ̀n ọn sẹ́yìn bí gbogbo ayé ṣe ń pọnmọ. Ẹ̀yìn ló kàn mí. Ìyá ọkọ mi ti gba iṣẹ́ àyà.

Àwọn èèyàn ní kí n máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́, Ọlọ́run rí ọkàn mi, ṣùgbọ́n mo ń jowú bí orogún. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, bí mo bá lọ mú un ní jẹ́lé-ó-sinmi, "Yèyé ńkọ́?" ló máa kọ́kọ́ bi mí; ìyá àgbà rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú níwájú mi gan-an, orúnkún rẹ̀ bó. Mo la apá. Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ fi etí lé àyà ìyá àgbà, ẹkún sì tán. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó na ọwọ́ sí ọkọ̀ tí kò dúró. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ fún ọkọ mi pé kí ìyá rẹ̀ máa padà sílé.

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà, ìyá fúnra wọn lọ wo ẹbí ní Èfìrè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò dé lójijì. Mo sáré kó aṣọ lórí okùn, mo ń mí hẹlẹ-hẹlẹ wọlé, àrá sì sán. Ọmọ náà ké pe Yèyé. Yèyé ò sí. Ó wò mí, ó gun itan mi, ó sì fi etí lé mi láyà. Mi ò mira.

Ó gbọ́ ọ títí. Ó wá ní, "Mọ́mì, tiyín ń sáré. Ti Yèyé máa ń rọra rìn ni."

Mo bi í pé èwo ló dáa jù. Ó ní èyí tó ń sáré. Ibẹ̀ ló sùn sí. Gbogbo oṣù méje tó fi wà nínú mi, ṣebí ìlù àyà mi ló ń gbọ́? Mo sunkún díẹ̀, mi ò purọ́ fún ọ.

Nígbà tí ìyá dé, ọmọ sọ fún wọn pé tiwọn ń falẹ̀. Ojú wọn yí padà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, o ti gba ọmọ rẹ nìyẹn." Ohùn wọn tutù, mo sì dá ohùn náà mọ̀, torí òun ni mo ti ń lò láti ọdún mẹ́rin. Mi ò tún wá ọ̀rọ̀ ilé lílọ kankan mọ́.

Ṣùgbọ́n owú mi ò tán o. Títí di òní, kí ọmọ yẹn tó wá fi etí lé mi láyà nírọ̀lẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ sáré yí ẹ̀yìnkùlé ká.