Omi Bútà Lóru

Òórùn ilẹ̀ tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní ẹ̀yìn yàrá wa ní Kambolé, òkúta pẹlẹbẹ kan wà tí a máa ń jókòó lé ṣe àlùwàlá. Omi tó bá ṣàn níbẹ̀ á wọ inú erùpẹ̀ pupa, ibẹ̀ á sì máa rùn bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kódà láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ mọ́. Tí mo bá jáde fún ìrun àsùbáà, ẹsẹ̀ mi á rì díẹ̀ sínú ẹrẹ̀, bútà wa, ike aláwọ̀ ewé tí a fi ń bu omi àlùwàlá, á sì ti ṣófo.

Ìyàwó mi ló ń lo omi náà. Mo máa ń gbọ́ ọ lójú oorun: ilẹ̀kùn á dún fẹ́ẹ́, omi á ṣàn, á dákẹ́, á tún ṣàn. Ẹ̀ẹ̀kan lóru ni lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo rò pé ìrun òru ló ń dìde kí. Àbíkẹ́yìn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé ọkọ ni, mo sì sọ fún ara mi pé ilé tó dá páropáro ló jẹ́ kí ó ráyè gbọ́ ti Ọlọ́run. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé àti ìṣirò, n kì í lè jí kírun òru. Inú mi dùn pé ẹnì kan ń bá wa ṣe é. Mo á yí padà, mo á sùn.

Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ níta. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, mo sọ fún lèmọ́mù wa. "Mẹ́tìrì," ni bàbá àgbà náà pè mí, bí wọ́n ti ń pe gbogbo olùkọ́ níbí nìyẹn, "ìyàwó rẹ ti gba ọ̀nà àlùjánnà lọ, ìwọ ṣì ń hanrun!" Gbogbo àwọn tó ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn obìnrin ti ń kí ìyàwó mi nídìí ẹ̀rọ omi: "Alálùwàlá òru, má gbàgbé wa nínú àdúrà o." Ó dé ilé, ó gbé omi kalẹ̀, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Lójú mi báyìí, ó jọ pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá wọn, ẹnu yín kì í gba nǹkan dúró."

Mo rí i pẹ̀lú ní ọ̀sán, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ha etí igbá. Ó ní iṣu ni. Kò sí ọmọ Kambolé tí kò mọ̀ pé iṣu tútù máa ń yún ènìyàn lọ́wọ́, àkókò tí a ń bẹ iṣu sá fún èlùbọ́ sì ni. Mo yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. Kò sí èélá, kò sí kókó kan. Ojú ibi tí èékánná ti kọjá nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní kó fi epo pupa pa á. Nọ́ọ̀sì kan ní Tchamba fún un ní ìpara, ó pa á títí ó fi tán. Èlùbọ́ gbẹ, a kó o wọlé, omi ṣì ń ṣàn lóru.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé Kouloundè, ní Sokodé, ló wá kí wa nígbà ọdún. Kò tíì jókòó tó fi di àgbọ̀n àbúrò rẹ̀ mú, tó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ kì í wo ara yín ni?" Funfun ojú ìyàwó mi ti di àwọ̀ ìyeyè. Ní ọjọ́ kejì, mọ́tò gbé wa gba Tchamba lọ sí ilé ìwòsàn ní Sokodé.

Dókítà ibẹ̀ ń sọ Faransé, èmi ni mo sì ń túmọ̀. Ó rí ojú èékánná lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó béèrè ohun tó máa ń ṣe tí ọwọ́ bá ń yún un lóru. Mo sọ ọ́ fún un ní èdè wa. Ìyàwó mi wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Omi tútù ni mo máa ń dà sí i. Bútà ni mo máa ń gbé."

Dókítà ń dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó rí Faransé rẹ̀. Ó béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. "Ṣáájú ààwẹ̀," ni ìyàwó mi wí, mo sì túmọ̀ ìyẹn náà.

Ọkùnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní yíyún tí a kò rí nǹkan kan lójú ara lè jẹ́ ti awọ tó gbẹ, tàbí ti oògùn kan, tàbí ti kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ dé, ti ẹ̀dọ̀ ni. Òróòro kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ó ń padà sínú ara. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló sì máa ń yún jù, lóru. Kò bá wa wí. Ó kàn ní ó ti pẹ́.

A jókòó sórí bẹ́ńṣì níta. Mo bi ìyàwó mi pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Ẹ ti sọ fún lèmọ́mù ná. Ṣé kí n wá lọ bá a pé ọwọ́ tó ń yún mi ló ń jí mi, pé kì í ṣe Ọlọ́run?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà mìíràn mo máa ń kírun lóòótọ́. Mo ti ṣe àlùwàlá tán, ojú á tì mí láti padà sùn."

Wọ́n fún un ní ìyẹ̀fun tó ń pò mọ́ omi mu. A gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò fi omi gbígbóná wẹ̀ mọ́. Mo ń ki aṣọ bọ omi tútù, mo ń fi wé ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà mo á fi òrí pa á. Yíyún náà rọlẹ̀. Ó sùn di àsùbáà ní òru mélòó kan, èmi ni n kò sùn. Ẹ̀dọ̀ kò padà bọ̀ sípò. Kí iṣu tuntun tó jáde, ó kú.

N kò sunkún. Kì í ṣe pé mo le lọ́kàn. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ti gbé ohun tí ènìyàn fi ń sunkún kúrò nínú mi. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, lèmọ́mù ní obìnrin yìí fi òru sin Ọlọ́run, ẹlẹ́rìí rẹ̀ sì nìyí. Ó nawọ́ sí mi. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Àmín."

Ilẹ̀ ẹ̀yìn yàrá ti gbẹ báyìí, ó ti sán. Mo máa ń jí ní àkókò yẹn gan-an. Mo á jókòó sórí òkúta náà, mo á da omi sí ọwọ́ mi tí kò yún mi, n kì í sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá omi náà tutù. Tí mo bá ti ṣe àlùwàlá tán, ojú á tì mí láti padà sùn, mo á kírun ráká méjì. N kò lè sọ fún yín pé àdúrà ni. Òru lórí òru ni mo fi gbọ́ omi yẹn, tí inú mi ń dùn, tí mò ń yí padà. Ìbéèrè tí ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ lè béèrè ni n kò béèrè: kí ló jí ọ? Mo ti ń béèrè rẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn náà mo á bu omi kún bútà, mo á gbé e padà síbi tí ìyàwó mi máa ń gbé e sí.