Sọ́kẹ́ẹ̀tì Alùpùpù Agbẹ̀bí

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo ń pè ní Bàbá, oníṣẹ́ iná alùpùpù ní Adankolo, kì í gbé iṣẹ́ fúnni láì da omi lé e lórí. A máa ní, "Òjò ò mojú ẹnì kan."

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan ní kó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sára alùpùpù òun, kóun lè rí iná lò láwọn abúlé Ọ̀wọ́rọ̀. Bàbá fi rọ́bà táyà wé e, ó da omi sí i. Gílóòbù tó so mọ́ ọn ṣì tàn.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà wá, ó kúnlẹ̀, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Ọ̀wọ́rọ̀. "Òkun o, Bàbá. Òjò pa mí débẹ̀, àmọ́ iná yín tàn títí ọmọ fi délẹ̀. Tìyátọmọ ló yè."

Omi bọ́ lójú Bàbá. Ó ní, "Inú òkùnkùn ni ìyàwó mi kú sí lórí ìkúnlẹ̀."

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó níyàwó rí.