Orúkọ Omana Lábẹ́ Iṣẹ́ Sabu

Sabu kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ìkánjú ló ń bá a jà. Ní ọ́fíìsì wọn ní ìlú Kochi, òun ló ń tún ìlà àṣẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń darí ẹ̀rọ tó ń wọn omi ṣe. Apá kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ náà ló ní orúkọ. Tó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á kéde orúkọ ara rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà á sì tún un kéde. Ariwo lásán! Wọ́n ní kí Sabu yọ ìkéde àpọ̀jù yẹn kúrò, kó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwùjọ àwọn tó ń tọ́jú Linux, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ṣe, káàkiri ayé.

Ọ̀la ni ọdún Onam, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń pè é láti àárọ̀. Ó yọ ìlà mẹ́tàlélógóje. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá fi ẹ̀rọ gidi dán iṣẹ́ wò, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Orí tábìlì Omana, ẹ̀gbọ́n wọn níbẹ̀, ni ẹ̀rọ náà wà, Omana sì ti lọ sílé. Kí ni Sabu wá ṣe? Ó kọ orúkọ Omana síbẹ̀ ní tirẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Ó ní, kí ló lè bàjẹ́ lára ìkéde?

Ó bàjẹ́ o! Ọ̀kan nínú ìlà tó yọ wà lábẹ́ “bí ẹ̀rọ bá kọ̀.” Bó ṣe yọ ọ́, ìlà tó tẹ̀lé e, tó ń mú kí ẹ̀rọ jí, bọ́ sí ipò rẹ̀. Ó wá di pé ẹ̀rọ tó bá kọ̀ nìkan ni wọ́n ń jí; èyí tí kò kọ̀ kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ọdún Onam, ọkùnrin kan láti Norway kọ̀wé lójú gbogbo àwùjọ: “Omana, ẹ̀rọ wo lẹ fi dán èyí wò? Tèmi ò jí.”

Omana gbé ife tíì rẹ̀ wá. “Sabu, ìgbà wo ni mo dán an wò? Ṣé lójú àlá ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹnikẹ́ni ò bi mí nírú ìbéèrè yìí rí.”

Ojú gba Sabu tì. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ó kọ̀wé sí gbogbo wọn: “Irọ́ ni mo pa mọ́ Omana. Kò rí iṣẹ́ náà rárá.”

Ó tún ìlà náà ṣe, ó gbé e lọ bá Omana. Omana dán an wò títí di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀rọ jí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá kọ orúkọ yín síbẹ̀ báyìí?”

“Rárá. Èmi ni màá kọ ọ́. Láti òní lọ, má fọwọ́ kan orúkọ mi mọ́.”

Sabu ní ó dáa. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo Omana bó ṣe ń tẹ orúkọ ara rẹ̀.