Màrìwò Níwájú Mọ́tò Ẹ̀gbọ́n Mi

Ṣílè díẹ̀ ni gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nígbà èwe mi. Lónìí, ó ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lọ ní Ìkọ̀lé. Ṣùgbọ́n lánàá, nígbà tí ọ̀kadà kan kọjá, òórùn ọ́ìlì jíjóná ṣì rí bákan náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi mọ́tò asáré tó gbé ti ìlú òyìnbó dé gbé ìyá wa, tí ibà ti dá dùbúlẹ̀, lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Bàbá ní kí n so màrìwò mọ́ iwájú rẹ̀, kí Ògún lè ṣọ́ ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé."

"Ṣé mọ́tò náà ń mí ni? Ulé Ògún la bí ọ sí!"

Mo so ó pinpin. Bí a ti ń gun òkè, èéfín rú, òórùn ọ́ìlì jíjóná gba inú mọ́tò, ẹ́ńjìnnì sì nọ́ọ̀kì. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó kọjá. Ìyá wa di ọwọ́ mi mú títí ọwọ́ wọn fi tutù.

Ní yunifásítì ni mo tó mọ̀ pé inú irin alásẹ́ tí màrìwò mi bò ni ọ́ìlì ń gbà kọjá kí atẹ́gùn lè mú un tutù, kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná.

Bàbá ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti kú, kò sì dárúkọ màrìwò sí mi létí rí. Èmi tí mo so ó ló kù.